E46 mi tí mo rẹ̀ sílẹ̀ ń jẹ táyà iwájú: irú camber plate wo ni kí n rà?

Àkànní Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. BMW E46 318i ni mò ń wà, ti ọdún 2003, mo sì fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gidigidi. Sípíríǹgì kúkúrú ni mo fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. N kò gé sípíríǹgì o, èyí tí wọ́n ṣe ní kúkúrú láti ilé iṣẹ́ ni mo rà. Ó jókòó dáadáa, kì í sì í fi inú gbálẹ̀ lórí gegele tí mo bá rọra gùn ún.

Táyà iwájú ló ń dà mí láàmú. Etí inú ló ń jẹ, ti ọ̀tún sì burú ju ti òsì lọ. Okùn irin ti ń yọjú nínú ti ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ etí ìta táyà kan náà ṣì dà bí tuntun. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe alignment, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi ní camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta; àmì - ni pé ó tẹ̀ sínú) òsì jẹ́ dígírì -1.1, ti ọ̀tún jẹ́ -2.0. Ní ti toe, ìyẹn bóyá iwájú táyà kọjú síwájú tààrà, wọ́n ní ojú táyà méjèèjì ṣí síta díẹ̀. Ọmọkùnrin tó ṣe é ní camber iwájú E46 kò ṣeé tún ṣe láti ilé iṣẹ́ wá, pé kí n lọ wá camber plate, àwo tí wọ́n ń fi sí orí ṣọ́ọ̀kì láti lè yí camber padà.

Mo ti rí ẹni tó ń tà á ní Èkó. Oríṣi méjì ló ní. Ọ̀kan jẹ́ irin látòkè délẹ̀, bearing rẹ̀ wà ní gbangba láàárín, kò sì wọ́n. Èkejì ní rọ́bà nínú, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó ní èyí tí kò wọ́n ni àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje ń lò, pé òun ló le jù. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú?

Bọ̀dé Àkúrẹ́:
Èyí tó ní rọ́bà. Ọ̀nà wa kò gba èyí tó jẹ́ irin látòkè délẹ̀.

Ọ̀gá Ladipo:
Ọ̀gá Àkànní, ẹ dákun, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ padà sídìí ìwé alignment yẹn. Ohun méjì wà níbẹ̀ tí plate kò lè wò sàn.

Toe ni àkọ́kọ́. Ẹ lọ sídìí táyà ọ̀tún, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ láti inú bọ̀ síta, kí ẹ tún pa á láti ìta wọnú. Tó bá ń yọ̀ lọ́nà kan, tó wá ń ta yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn nígbà tí ẹ bá pa á padà, toe ló ń jẹ ẹ́. Bí camber nìkan bá ń jẹ táyà, etí inú máa ń fẹ́lẹ́ ni, ó sì máa ń dán. Kì í ní eyín. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí mo ń rí i lójoojúmọ́ tí àwọn èèyàn ń di ẹ̀bi ru camber: toe ń jẹ táyà ju camber lọ fíìfíì. Tí ojú táyà bá ti ṣí síta, kò yí lọ tààrà mọ́, ó ń fi ara gbo títì ni. Camber wá gbé ìwúwo ọkọ̀ lé etí inú, etí inú yẹn ló sì ń jẹ gbogbo ìyà náà. -1.1 tó wà lósì kò burú rárá fún ọkọ̀ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Tí toe bá tọ́, táyà yín á pẹ́ lórí -1.1.

Èkejì: òsì àti ọ̀tún fi 0.9 yàtọ̀ síra. Sípíríǹgì kúkúrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ló ń rẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Tí mo bá ti rí ìyàtọ̀ tó ju ìdajì dígírì lọ, irin tó ti tẹ̀ ni mo máa ń wá. Ó lè jẹ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, ó lè jẹ́ apá ìsàlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì gbé kan ara ọkọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà lórí títì wa, etí ọ̀tún yẹn ni kòtò pọ̀ sí, òun náà ló sì ń gba ìlù jù.

Àwọn tó ń tún E46 ṣe mọ ibi tí mò ń lọ. Irin tí orí ṣọ́ọ̀kì kàn yẹn máa ń wú sókè tí ọkọ̀ bá ti jábọ́ sí kòtò léraléra. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi rúlà irin tẹ́ ibẹ̀ wò lósì, kí ẹ tún tẹ́ ẹ wò lọ́tùn-ún. Ẹ wo ọ̀dà ara irin náà pẹ̀lú, bóyá ó ti ń sán. Plate tí ẹ bá dè mọ́ irin tó ti wú kò ní jókòó dáadáa.

Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta:
Ọ̀gá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Honda Accord tí a ń pè ní End of Discussion ni mò ń wà, òun náà ń jẹ etí inú. Ṣé plate yìí máa bá a mu?

Ọ̀gá Ladipo:
Rárá o, àǹtí. Honda tiyín ní apá lókè, ó ní apá nísàlẹ̀. Orí ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló di ẹsẹ̀ táyà mú. Bí ẹ bá sún orí ṣọ́ọ̀kì títí di ọ̀la, camber kò ní yí. Apá òkè tó ṣeé tún gígùn rẹ̀ ṣe ni wọ́n ń lò fún tiyín. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo toe.

Ìṣọ̀lá London:
E46 ni èmi náà ń wà níbí, mo sì ti lo oríṣi méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ń tà á kò sọ fún Àkànní.

Àwọn tó ń sáré ìje ń fẹ́ kí camber pọ̀ sí i ni. Wọ́n lè wá -3, nítorí ọkọ̀ wọn ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tó bá ń yí kọ́nà pẹ̀lú eré. Plate tí wọ́n ṣe fún wọn máa ń sún orí ṣọ́ọ̀kì wọnú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè sún un síta kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí. Ìwọ ń wá àdínkù, plate yẹn á fi kún un fún ẹ. Kó o tó sanwó, sọ fún un kó fi hàn ẹ́ ibi tí ó lè sún dé lọ́nà méjèèjì.

Ní ti “ó le jù,” òótọ́ ni pé kò ní rọ́bà tó ń mì, torí náà ọkọ̀ máa ń dá ọwọ́ lóhùn kíá. Àmọ́ gbogbo ìlù tí rọ́bà ì bá gbà, orí irin ara ọkọ̀ ló ń lọ tààrà, irin tí ọ̀gá ní ó ń wú yẹn gan-an. Bearing tó wà ní gbangba tún ń gba eruku àti omi wọlé. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù ló ba tèmi jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró kò-kò-kò lórí gegele kékeré, mo sì yọ ọ́. Ó dá mi lójú pé eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ẹrẹ̀ òjò lọ́dọ̀ yín kò ní ṣàánú rẹ̀.

Irú sípíríǹgì wo ni plate náà ń gbà? Èyí ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú plate ọjà jẹ́ ti coilover (ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí a lè tún gíga rẹ̀ ṣe), tí sípíríǹgì rẹ̀ tín-ín-rín, tó sì tọ́ látòkè délẹ̀. Sípíríǹgì kúkúrú tìrẹ ṣì ní ìrísí ti ilé iṣẹ́, àwo tó gbòòrò ló ń jókòó lé lórí. Wọn kò ní bára mu. (Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain bíi tèmi, ẹ má gbàgbé láti sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò yín tí ẹ bá fi nǹkan báyìí sí mọ́tò.)

Àkànní Bódìjà:
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á máa pọ̀ sí ìmọ̀ yín. Mo ṣe bí ọ̀gá ṣe wí. Táyà méjèèjì ń ta mí lọ́wọ́ tí mo bá pa á láti ìta wọnú, ti ọ̀tún mú ju ti òsì lọ. Mo tẹ́ rúlà. Òsì tẹ́jú. Ní ọ̀tún, rúlà ń mì lọ sí ìhín lọ sí ọ̀hún, mo sì rí ibi tí ọ̀dà ti sán yí nọ́ọ̀tì tó wà lápá ẹ̀rọ ká. Mo tún pe ẹni tó ń ta plate. Ó ní méjèèjì, coilover ni wọ́n wà fún.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ báyìí? Ṣé mo ṣì lè wà á lọ sí Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ajé?

Ọ̀gá Ladipo:
Ẹ má wà á lọ sí Ifẹ̀. Táyà tí okùn irin rẹ̀ ti yọjú lè bẹ́ lójú eré, iwájú ló sì wà. Bí ẹ bá ní sípíà tó dáa, ẹ fi rọ́pò ti ọ̀tún kí ẹ rọra gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Kí wọ́n tú ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún sílẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ wò bóyá ó tẹ̀, kí wọ́n yẹ apá ìsàlẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà kí pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọ iṣẹ́ lu irin òkè yẹn padà títí á fi tẹ́ bíi ti òsì. BMW ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń fi sáàárín orí ṣọ́ọ̀kì àti ara ọkọ̀ kí ibẹ̀ má baà wú mọ́. Ẹ wá a, ẹ fi sí òsì àti ọ̀tún. Kò wọ́n tó plate kankan.

Ẹ ra táyà iwájú méjì kí ẹ tó padà síbi alignment. Kí epo kún táǹkì, kí ìwúwo èèyàn sì wà lórí ìjókòó nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n; ọkọ̀ òfìfo ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tún toe ṣe kó tọ́ gbọọrọ tàbí kó wọnú bín-ín-tín. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn náà, nítorí camber ẹ̀yìn E46 ní bóòtì tí wọ́n fi ń tún un ṣe.

Bí ọ̀tún bá ti padà sí nǹkan bíi -1.1 bíi ti òsì, ẹ kò nílò plate.

Ìṣọ̀lá London:
Mo fara mọ́ ọn. Bí ó bá ṣẹ́ ku ìyàtọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí irin bá ti tẹ́, pín-ìnnì kékeré kan wà lórí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti wọ ara ọkọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́, orí ṣọ́ọ̀kì lè rìn díẹ̀ nínú ihò nọ́ọ̀tì, bíi ìdajì dígírì. Ọ̀fẹ́ ni. Kí wọ́n ṣáà fi máàkà sàmì síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sún un, kí wọ́n sì tún toe wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, torí toe á ti yí.

Àkànní Bódìjà:
Mo ti fi sípíà sí i. Pánẹ́ẹ̀lì bítà kan ní Ìwó Road ní kí n gbé e wá lọ́la. Mo máa fi ìwé alignment tuntun ránṣẹ́ síbí tó bá ti parí.