Ẹ jẹ́ ká fi "aró" sílẹ̀, "ìpọ́njú" ló bá ewédò mu

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà ní ká máa pe ohun tó ń fún ewédò wínníwínní (microalgae, àwọn ohun alààyè inú omi tí kò ju bín-ń-tín lọ) ní àwọ̀ ní "aró ara". Wọ́n tún ní kí àsìkò tí àwọ̀ náà bá di pupa máa jẹ́ "àsìkò pípọ́n", bíi ti ọsàn. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ṣùgbọ́n n kò lè gba ìkankan nínú méjèèjì.

Aró ti ní àwọ̀ tirẹ̀ lédè wa. Ẹ sọ "aró pupa" lọ́jà Ifẹ̀, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe wò yín. Yàtọ̀ sí èyí, ìta la ti ń fi aró kan aṣọ, inú ara ewédò gan-an ló sì ti ń ṣe àwọ̀ tirẹ̀, ó sì ń fi í ṣiṣẹ́: kilorofíìlì, èròjà tó ń fún un ní àwọ̀ ewé, ló fi ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ṣe oúnjẹ. "Èròjà àwọ̀" tẹ́ mi lọ́rùn. Kò dùn lẹ́nu tó "aró ara", ṣùgbọ́n kò purọ́. (Ẹni tó ní ká pe ewédò yìí ní "ojúoró kékeré", ojúoró léwé, ó ní gbòǹgbò. Ká má dà wọ́n pọ̀.)

Ọ̀rọ̀ "pípọ́n" ló gba àlàyé. Ẹ wo ewédò kan tó ń jẹ́ Haematococcus. Bí oúnjẹ inú omi bá tó o, tí oòrùn ò le jù, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, á máa fi ìrù méjì lúwẹ̀ẹ́, á sì máa bí sí i. Ẹ wá fi náítírójìn dù ú, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ líle sí i, tàbí kí ẹ da iyọ̀ sómi rẹ̀. Á sọ ìrù nù, á ṣù roboto, á mọ odi nípọn yí ara rẹ̀ ká, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó astaxanthin, èròjà àwọ̀ pupa, jọ títí yóò fi pọ́n rokoso. Nígbà tí wọ́n bá sá a gbẹ, èròjà yìí lè tó ìdá 4 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Òun náà ló ń mú ẹran ẹja salmon pọ́n.

Ọsàn tó pọ́n ti gbó, ó ti dùn. Ewédò yìí kò gbó rárá, ebi ń pa á, oòrùn ń ta á. Ojú ló pọ́n ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè wa ṣe so pupa mọ́ ìyà látọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tó rò ó sí ewédò. "Ìpọ́njú" ni kí gbogbo ìnira àmọ̀ọ́mọ̀fi-jẹ-ewédò yìí máa jẹ́.

Àbúrò wa kan béèrè pé ṣé gbogbo èròjà àwọ̀ ló wá di "àwọ̀ ìpọ́njú" nìyẹn? Ó tì o. Átọ́ọ̀mù náítírójìn 4 ló wà nínú kilorofíìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí náítírójìn bá tán, ewédò ò rí èyí tí yóò fi ṣe é mọ́. Kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn nìkan ló wà nínú beta-carotene, èròjà àwọ̀ ọsàn, ní tirẹ̀. Ti astaxanthin kàn fi ọ́síjìn kún un ni. Ebi náítírójìn ò dí wọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ewédò mìíràn, Dunaliella salina, tí wọ́n ń sìn nínú omi tó níyọ̀ ju òkun lọ ní Ọsirélíà, fi lè kó beta-carotene jọ títí dé ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀. Beta-carotene yẹn kan náà wà nínú epo pupa tí à ń jẹ. Bí a bá yan epo títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, beta-carotene yìí ló bàjẹ́ lórí iná.

Ti Spirulina yàtọ̀ pátápátá. (Bakitéríà ni àwọn onímọ̀ kà á sí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀gbà kan náà ni wọ́n ti ń sìn ín.) Phycocyanin, èròjà rẹ̀ tó jọ àwọ̀ aró, purotéènì ni, náítírójìn sì wà nínú purotéènì. Bí náítírójìn bá wọ́n, ńṣe ló máa ń tú u palẹ̀ jẹ, bí ẹni tó ń ta aṣọ ìró rẹ̀ lásìkò ìyàn. Ìpọ́njú ló ń mú astaxanthin wá, òun kan náà ló ń lé phycocyanin lọ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dábàá "àwọ̀ ìrọ̀rùn" fún phycocyanin àti kilorofíìlì. Ìmọ́lẹ̀ ló ba á jẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ńṣe ni àwọn méjèèjì yìí máa ń pọ̀ sí i, nítorí ewédò ní láti wá ọgbọ́n gba ìwọ̀nba tó wà. Ẹni tó wà lókùnkùn kò sí nínú ìrọ̀rùn kankan. "Àwọ̀ àjẹyó" sàn díẹ̀, torí náítírójìn nìkan ló ń tọ́ka sí.

Ní ti bóyá ká sọ pé à ń "gbìn" ewédò àbí à ń "sìn" ín, "sìn" ni mo yàn. À ń bọ́ ọ, à ń tọ́jú omi rẹ̀, a kì í kọ ebè fún un. Ewédò tó wà nínú omi Opa níbí ní Ifẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò bọ́, kí ìyẹn máa jẹ́ "ewédò ìgbẹ́".

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan tó lè gba àjẹyó àti òkùnkùn pọ̀, kó mú un wá. Bí kò bá sí, "àjẹyó" ni n ó kọ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.