Ṣé kí n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn ní yunifásítì, àbí kí n lọ ka òfin?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo fẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù JAMB, ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn àti ètò ìdájọ́ ni ó sì wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n òfin ni bàbá mi fẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń dúró de ìdájọ́ ló fà mí sí i. Àwọn ló pọ̀ jù lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ pé àṣẹ ìtìmọ́lé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 14 kí ilé ẹjọ́ tó tún un yẹ̀ wò. Òfin ọdún 2019, tó yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà, tún fàyè gba kí ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú dípò ẹ̀wọ̀n. Kí ló dé tí ohun tó wà nínú ìwé kò fi dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi ayé mi wádìí, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan.

Mo mọ̀ pé NOUN (National Open University of Nigeria) ní ẹ̀kọ́ yìí pọ̀ mọ́ ètò ààbò, àti pé ní àwọn yunifásítì mìíràn, abẹ́ sosiọ́lọ́jì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, èwo nínú oríṣi ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn méjèèjì yìí ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń kà sí? Níbo ni ẹ ti rí iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọlọ́pàá? Ọ̀rọ̀ wo ni mo lè bá bàbá mi sọ tí yóò fi gbà?