Ẹni tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi

Olùkọ́ pírámárì, Ìbàdàn

Ọdún 17 ni mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní pírámárì, àwọn tó sì ti wá jókòó wò mí lẹ́nu iṣẹ́ láàárín àkókò yìí kò kéré: àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tí mo ń ṣe TP (ìfidánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ máa ń ṣe nínú kíláàsì), àwọn ìsìpẹ́kítọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tí ojú rẹ̀ máa ń wá. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni wíwò tí ó wò mí yí ọwọ́ tí mo fi ń kọ́ni padà, ẹni náà kì í sì í ṣe ọ̀gá mi. Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ni, ìyá ìbejì ni a máa ń pè é, ògiri kan ló pín kíláàsì wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí a máa ń ṣe nígbà tí ìsìpẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀. Bí a bá ti gbọ́ fìrí pé wọ́n ti dé ilé-ìwé tó wà lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, kí á tó ṣẹ́jú a ti gbá ilẹ̀, a ti lẹ àwòrán mọ́ ògiri, lẹ́sìn nóòtì, ìwé tí a ń kọ ètò ẹ̀kọ́ sí, tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀yìn yóò sì pé pérépéré ní òru ọjọ́ kan. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn lánàá ni a ó tún kọ́ wọn lónìí, kí ìdáhùn lè máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo bá olùkọ́ kan ṣiṣẹ́ rí tó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí ẹni tó mọ ìdáhùn na ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n na ọwọ́ òsì, kí gbogbo kíláàsì lè na ọwọ́ sókè lójú àlejò. Àlejò kan sáárá sí i. Èmi kò bá olùkọ́ náà wí o, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé wọ́n wá wá àṣìṣe òun ni kò ní fi ojú iṣẹ́ òun gan-an hàn.

Bí ti ìyá ìbejì ṣe bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Pírámárì karùn-ún ni ó ń kọ́, èmi ń kọ́ ìkẹrin, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwọn ọmọ tó wá láti ọ̀dọ̀ yín yìí, ìdá kò yé wọn rárá.” Inú bí mi. Ìdá tí mo fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́, tí mo gé ọsàn sí, tí mo ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó! Ó jẹ́ kí ara mi balẹ̀, ó wá ní bí mo bá gbà, òun yóò wá jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kọ́ ọ, kí èmi náà sì wá sí ti òun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè tí ó bi mí kí ó tó wá ni ẹnikẹ́ni kò bi mí rí láti ọdún yìí wá: “Kí ni ẹ fẹ́ kí n máa wò?” Mo ní kí ó máa wò ó bóyá ó ń yé àwọn ọmọ. Ó mi orí. Ó ní yíyé kò ṣeé fojú rí láti ẹ̀yìn kíláàsì, kí n sọ ohun tí ojú lè rí àti ohun tí ọwọ́ lè kọ sílẹ̀. A wá fẹnu kò sí méjì: àwọn ọmọ tí mo ń bi ní ìbéèrè, àti ohun tí àwọn tí n kò bi ń ṣe. Ó mú fúlúsíkáàpù kan, ó ya bẹ́ǹṣì 13 sí i, ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ọmọ 52.

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ náà fún ìṣẹ́jú 35. Ó dùn mọ́ mi, àwọn ọmọ ń dáhùn, ọsàn ń ta sánsán. Nígbà tí wọ́n jáde lọ ṣeré, mo ń retí kí ìyá ìbejì sọ pé mo gbìyànjú. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé kò dára. Ó tẹ́ fúlúsíkáàpù náà sórí tábìlì mi, ó sì ní kí n wò ó.

Àmì dúdú kéékèèké ṣù jọ síwájú ìwé náà bí eṣinṣin lórí ọsàn tí a bó. Ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ìbéèrè 38 ni mo béèrè. Gbogbo kíláàsì ló fi ohùn kan dáhùn 21 nínú rẹ̀, nínú 17 tó kù, àwọn ọmọ mẹ́jọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì méjì àkọ́kọ́ ló gba 13. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lórí bẹ́ǹṣì keje, ó fa ìlà mẹ́rin sí ibi tí ọmọbìnrin kan jókòó. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà tí ọmọ náà na ọwọ́ tí n kò rí i. Lábẹ́ ìlà kẹrin ni ó kọ ọ́ sí pé: “Ó gbé orí lé tábìlì.”

Ó tún ka iye ìgbà tí mo sọ pé “Ṣé ó yé yín?” Ìgbà 11 ni. Ìgbà 11 náà ni wọ́n ké pé “Ó yé wa, mà!” Ní ìgbà kan nínú rẹ̀, ìyá ìbejì ń kọjá lẹ́yìn ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì rí i nínú ìwé rẹ̀ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé 1/8 ju 1/4 lọ. Ọmọ náà kò purọ́. Lójú tirẹ̀, 8 ju 4 lọ, ó sì yé e bẹ́ẹ̀. Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìkíni lásán ni “ó yé wa, mà”, ó dà bí “dáadáa ni” tí a máa ń fi dá ẹni tó bá kí wa lóhùn lójú ọ̀nà.

Ohun kẹta tí ó kọ ni èyí tó dùn mí jù, nítorí pé n kò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Bí mo bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán, yóò máa kà nínú ara rẹ̀ pé ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí tí n ó fi pe ẹlòmíràn tàbí tí n ó fi dáhùn fúnra mi. Ó ní òun kò kà á dé èjì rí. Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, tó kọ̀wé ní 1974 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn olùkọ́ tí òun gbọ́ ohùn wọn lórí téèpù máa ń dúró, àti pé nígbà tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tó máa ń dákẹ́ sì ń dá sí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe èmi nìkan ni àrùn náà ń bá jà, ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni àmì wà lẹ́yìn ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ni gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí á máa ṣe nígbà náà láti pírámárì kẹrin, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ gé ọsàn kejì, n kò mọ ìgbà tí Yorùbá bọ́ lẹ́nu mi: “Ẹni tó pín ọsàn kan fún èèyàn mẹ́jọ àti ẹni tó pín in fún èèyàn mẹ́rin, ọmọ tani yóò yó?” Kíláàsì dàrú. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, ọwọ́ mẹ́fà sì nà sókè lẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 nìyẹn, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún odidi ọdún mẹ́fà. Mo ti kà nípa rẹ̀ fún ìdánwò NCE, ìwé-ẹ̀rí àwa olùkọ́, mo sì yege. Inú fúlúsíkáàpù ìyá ìbejì ni mo ti wá rí i.

Mo kọ orúkọ àwọn ọmọ 52 sórí páálí kéékèèké, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì, orúkọ tí ọwọ́ mi bá mú ni mo ń pè. Bí mo bá béèrè ọ̀rọ̀, n ó ka mẹ́ta kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Ó nira ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú kíláàsì máa ń ṣe olùkọ́ bíi pé ẹ̀kọ́ ti kú. Agolo náà ní wàhálà tirẹ̀: iṣẹ́ kì í tètè parí mọ́, ọmọkùnrin kan sì sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo pe orúkọ rẹ̀, títí mo fi gbà kí ẹni tí mo bá pè lè bi ẹni tó jókòó tì í léèrè kó tó dáhùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá ìbejì tún wá. Ọmọ 23 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi náà lọ sí kíláàsì rẹ̀. Ó ní kí n máa wo bí òun ṣe ń fi ẹ̀yìn kọ sí àwọn ọmọ nígbà tí òun bá ń kọ nǹkan sójú pátákó. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ iye ìṣẹ́jú tí mo kà, mo ti ṣèlérí fún un.

Olùkọ́ kẹ́mísírì, Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí yín, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, máàkì ni wọ́n máa ń fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wá wò, láti 1 tó dára jù lọ dé 4 tí kò kúnjú ìwọ̀n. Ofsted, àjọ tó ń bẹ ilé-ìwé wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn ilé-ìwé ń wò ṣe. Ẹnì kan lo ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn kíláàsì mi, ó fún mi ní 3, fún odidi ọdún kan ni mo sì fi jẹ́ “olùkọ́ ẹlẹ́ẹ̀ta” nínú yàrá àwọn olùkọ́. N kò lè sọ ohun kan tí mo tún ṣe nítorí máàkì náà, àfi pé mo kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀kọ́ àlejò, gẹ́gẹ́ bí tọwọ́ ọ̀tún àti tọwọ́ òsì tí ẹ sọ yẹn. Ní 2014 ni Ofsted dáwọ́ fífún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì dúró, ilé-ìwé wa náà sì tẹ̀ lé e nígbà tó yá.

Ẹni tó ń wá wò mí báyìí jẹ́ ọmọ ọdún 26, èmi jẹ́ 48. Nílé, ọmọ tí mo lè bí ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi pé mo máa ń dáhùn ìbéèrè ara mi, ara mi gbóná, mo fẹ́ sọ pé ìgbà wo ni wọ́n bí i. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ó ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an sílẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tẹ̀ léra wọn, kò sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kan sí i. Ó ṣòro láti bá ohun tí ẹnu ara ẹni sọ jà. Mo rò pé nítorí èyí gan-an ni ti ìyá ìbejì ṣe ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ni lójú yín. Àbúrò tó bá sọ pé “ẹ kò mọ̀ ọ́n kọ́” ti rí ẹ̀gbọ́n fín, ṣùgbọ́n èyí tó bá ní “ibi tí àmì wà nìyí, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó” kò rí ẹnikẹ́ni fín.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Èkìtì

Nínú ọ̀nà wíwò méjèèjì tí ẹ sọ, mo ti ṣe èyí tí kò dára, mo sì fẹ́ sọ ọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo di ọ̀gá, pẹ̀lú bíró pupa ni mo fi ń wọ kíláàsì àwọn ènìyàn, mo sì máa ń tún àṣìṣe wọn ṣe lójú àwọn ọmọ. Olùkọ́ kan kọ “recieve” sójú pátákó. Mo dìde, mo nù ún, mo tún un kọ. Ó parí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú omi lójú. Odidi táàmù kan ni àwọn ọmọ yẹn kò fi kà á sí mọ́, èmi ni mo fà á, kì í ṣe ẹyọ lẹ́tà méjì tó ṣì kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín o: ta ni ń mójú tó àwọn ọmọ ìyá ìbejì nígbà tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì yín? Ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Olùkọ́ méje ni mo ní fún kíláàsì mẹ́jọ. Ọ̀nà tí mo rí ni pé èmi fúnra mi ń gba kíláàsì ẹni tó fẹ́ lọ wo ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́rú. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí àwọn olùkọ́ kọ́kọ́ wá wo èmi náà bí mo ṣe ń kọ́ni, wọ́n sì sọ fún mi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ̀ púpọ̀, pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Ẹnì kan tí a jọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nígbà kan, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kaduna, ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe é. Àwọn olùkọ́ yóò jọ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀, ẹnì kan yóò kọ́ ọ, àwọn yòókù yóò dúró ti àwọn ọmọ láti wo bí wọ́n ṣe ń ronú, wọn yóò sì tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀ nípa rẹ̀ láti ara SMASE, ètò ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí ìjọba wa àti àwọn ará Japan jọ bẹ̀rẹ̀ ní 2006 ní Kaduna, Niger àti Plateau. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ti gbogbo wọn, nítorí náà bí kò bá lọ dáadáa, kò sí ẹni tí wọn yóò nàka sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ NCE, Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ ṣeun. TP ni mo wà báyìí. Alábòójútó mi wá lánàá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ 58 sínú fọ́ọ̀mù, ó sì wọ mọ́tò lọ sí ilé-ìwé mìíràn. N kò mọ ohun tí 58 náà ń sọ. Ìyá àgbà kan ló ni kíláàsì tí mo wà, ó sì máa ń jókòó sẹ́yìn nígbà tí mo bá ń kọ́ni. Ṣé kò ní jẹ́ àrífín bí mo bá ní kí ó bá mi kọ nǹkan sílẹ̀?

Olùkọ́ pírámárì, Ìbàdàn

Kò jẹ́ àrífín, ọmọ mi. Kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kí o sọ fún un pé o fẹ́ kí ó ràn ọ́ lọ́wọ́. Má ṣe ní kí ó máa wo gbogbo nǹkan o, yóò sú u, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìmọ̀ràn. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ya bẹ́ǹṣì wọn sórí ìwé lálẹ́ òní, kí o fún un ní bíró, kí o sì ní kí ó kàn máa fi àmì sí ibi tí ọmọ tí o bá pè jókòó. Ìyẹn nìkan. Bí àmì náà bá ṣù jọ síwájú, ṣí àga rẹ lọ sẹ́yìn lọ́la kí o kọ́ni láti ibẹ̀, kí o sì ní kí ó tún fi àmì sí i.