Ọba tí kò lè sọ pé rárá: kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù?

Olùkọ́ Ìbarà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀kọ́ nípa ìjọba ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ṣàlàyé pé láti ọdún 1708, tí Ọbabìnrin Anne ti kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin kan lórí ọmọ ogun ilẹ̀ Scotland, kò tún sí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kọ ohun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ti fẹnu kò lé lórí. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní: "Tíṣà, Kábíyèsí là ń pe ọba, nítorí pé kò sí ẹni tó lè bi í. Èyí tí kò lè sọ pé rárá yìí, ọba kí ni?" Èsì tí mo fún un kò tẹ́ èmi pàápàá lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Aké
Ìbéèrè ọmọ náà jinlẹ̀, Tíṣà. Lójú tèmi, ìtẹ́ yàtọ̀ sí àṣẹ. Àwọn tí ará ìlú dìbò yàn ló ni àṣẹ. Ọba ló jókòó sí ibi tó ga jù, kí olóṣèlú kankan, bó ti wù kó gbajúmọ̀ tó, má baà rí ibẹ̀ gùn.

Ẹ wo Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1990. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba òfin oyún ṣíṣẹ́ wọlé, Ọba Baudouin, tí ìgbàgbọ́ ìjọ Kátólíìkì jinlẹ̀ nínú rẹ̀, sì kọ̀wé sí olóòtú ìjọba pé ẹ̀rí ọkàn òun kò jẹ́ kí òun lè buwọ́ lù ú. Wọn kò rọ ọba lóyè, wọn kò sì da òfin nù. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, àwọn mínísítà kéde pé ọba kò sí ní ipò láti jọba, wọ́n buwọ́ lu òfin náà fúnra wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 5, ilé ìgbìmọ̀ dá a padà sórí ìtẹ́. Ìlú ń lọ, òfin ń lọ, ọba sì wà.

Ìyá Ìtòkú
Ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé Ítálì. Ọba Victor Emmanuel Kẹta ló fa ìjọba lé Mussolini, tó wá di apàṣẹwàá, lọ́wọ́ ní ọdún 1922; ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ará ìlú fi dìbò ní ọdún 1946 pé àwọn kò fẹ́ ọba mọ́. Ní Sweden, láti ọdún 1975, ọba kì í yan olóòtú ìjọba, kì í sì í buwọ́ lu òfin, síbẹ̀ ìlú kò dàrú. Kí wá ni ìtẹ́ náà ń dáàbò bò?

Ní ti Kábíyèsí, Tíṣà, ẹ sọ fún ọmọ náà pé a ti bi ọba rí ní Ẹ̀gbá níbí. Àwọn obìnrin tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn kóra jọ sí ààfin Aké nítorí owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ìparí ọdún 1950 ló tó padà.

Ọmọ Aké
Òótọ́ lẹ sọ nípa Ítálì, Ìyá wa, n kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi Norway sí i. Ìdìbò ará ìlú ló mú Ọba Haakon Keje débẹ̀ ní ọdún 1905. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ ìlú, wọ́n ní kí ọba fi Quisling, olóṣèlú ọmọ Norway tó ń ti Jámánì lẹ́yìn, ṣe olórí ìjọba. Ọba kò pàṣẹ fún àwọn mínísítà rẹ̀. Ó ní ọwọ́ wọn ni ìpinnu wà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbà, òun yóò bọ́ adé sílẹ̀. Wọ́n gbè é lẹ́yìn. Tíṣà, ó jọ pé irú "rárá" tí ọmọ yẹn ń wá nìyẹn.