Motor ẹ̀rọ ìfọṣọ oníwáyà mẹ́ta: báwo ni mo ṣe lè mú un yí sọ́tùn-ún àti sósì?

ỌmọOlúyọ̀lé
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń to apá róbọ́ọ̀tì kan níbí n'Ìbàdàn, èyí tí yóò dúró sójú kan, tí á máa gbé agolo mílíìkì láti orí tábìlì kan sí òmíràn. Motor tí mo rí fún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni èyí tó ń fọ aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ Tòkunbọ̀ oníkòtò méjì. Iná ilé ló ń lò. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀: funfun, pupa àti búlúù. Kapásítọ̀ (ohun tó ń gba iná pamọ́ fúngbà díẹ̀) tó bá a wá, 10 µF, 450 volt ni wọ́n kọ sí i lára. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n: funfun sí pupa, 32 ohm; funfun sí búlúù, 32; pupa sí búlúù, 64.

Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré) ni mo fẹ́ fi darí rẹ̀, relay (switch tí Arduino lè tàn kó sì pa) sì wà nílẹ̀. Èwo nínú wáyà yìí ni mo máa fún ní iná? Ẹnì kan ní kí n ṣáà máa gbé live (wáyà tó ń gbé iná wá) sípò neutral (èyí tí iná ń gbà padà), pé á yí padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mi ò tíì tan iná sí i, kí n má fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

BabaRewáyà
Àbúrò, o ṣeun tó o kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. 32 lọ́nà méjì ni 64, torí náà funfun ni ibi tí kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé sínú motor) méjèèjì ti pàdé. Bí wọ́n ṣe dọ́gba yẹn ló jẹ́ kí motor yìí lè ṣiṣẹ́ bákan náà lápá méjèèjì. Èyí tó ń fún aṣọ gbẹ nínú ẹ̀rọ kan náà kì í sábà dọ́gba, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún.

Gbé kapásítọ̀ sáàárín pupa àti búlúù, kó wà níbẹ̀ títí. Neutral lọ sí funfun. Live á wá máa bọ́ sórí pupa tàbí búlúù. Tó bá wà lórí pupa, kọ́ìlì pupa ń gba iná tààrà, ti búlúù ń gba tirẹ̀ gba inú kapásítọ̀. Kapásítọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí iná méjèèjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì ṣáájú ló ń pinnu ibi tí motor máa yí sí. Gbé live sórí búlúù, ipò wọn á pààrọ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé live sípò neutral, kọ́ìlì méjèèjì ló jọ máa yí padà, èyí tó ṣáájú ṣì ń ṣáájú. Onítọ̀hún ò sọ òótọ́ fún ẹ.

Relay méjì tó. Kí àkọ́kọ́ máa tan live kó sì máa pa á. Láti ibẹ̀, mú un lọ sí COM (ẹnu tí iná ń gbà wọlé) relay kejì. NC (ẹnu tó so mọ́ COM nígbà tí relay bá kú) lọ sí pupa, NO (ẹnu tó so mọ́ ọn nígbà tí relay bá tàn) lọ sí búlúù. Jọ̀ọ́, má ṣe fi relay kan sí pupa, kó o fi òmíràn sí búlúù. Ọjọ́ tí méjèèjì bá tan pa pọ̀, kapásítọ̀ á da gbogbo iná inú rẹ̀ sẹ́nu relay, ẹnu náà á sì lẹ̀ pọ̀.

ÀǹtíRóbọ́ọ̀tì
Ẹ kú àlàyé, bàbá wa. ỌmọOlúyọ̀lé, kọ ọ́ sínú program rẹ pé kí relay àkọ́kọ́ kú, kí motor dúró pátápátá, kí èkejì tó yí ipò padà. Tó bá ṣì ń sáré, ó lè máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ó tún máa yára jù fún apá: irú motor yẹn sábà máa ń yí bí ìgbà 1,400 ní ìṣẹ́jú kan, wàá nílò gíà tàbí bẹ́líìtì. Fi limit switch (switch tí apá fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ láti gé iná) sí ìpẹ̀kun ọ̀tún àti tòsì, kí live gba inú rẹ̀ kọjá *kó tó* dé ibi tí kapásítọ̀ ti so mọ́ wáyà. Bí program bá tiẹ̀ dákú, apá náà á dúró.

ỌmọOlúyọ̀lé
Ó ti yé mi wàyí, ẹ ṣeun gan-an. Fíúsì ńkọ́, bàbá?

BabaRewáyà
2 A, lórí live, kó tó dé relay àkọ́kọ́. So áàtì (wáyà ààbò tó lọ sínú ilẹ̀) mọ́ ara irin motor, kó o sì tún so ó mọ́ irin apá náà. Tó o bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri. Pé Arduino ti pa relay kò túmọ̀ sí pé kò síná níbẹ̀ mọ́.