Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, wọ́n ti ti pééjì mi pa

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Léèsì ni mo ń tà ní Balógun, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbé fọ́tò ọjà sórí pééjì kan, àfi bí mo ṣe jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti tì í pa, wọ́n ní mo rú òfin, òfin wo, wọn ò sọ. Fọ́tò lọ, kọ́sítọ́mà lọ, títí kan àwọ̀ tí ìyá ìyàwó kan ní kí n bá òun wá, mi ò lè rí i mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Yábàá wá ní íntánẹ́ẹ̀tì kan wà tí ò ní ọ̀gá kan ṣoṣo, decentralised ló pè é, pé ohun tí mo bá gbé síbẹ̀, tèmi ni. Ṣé òótọ́ ni àbí ó fẹ́ kí n ra coin ni?

Ará Sùúrùlérè: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kò parọ́. Ẹ wo ímeèlì, ẹni tó wà ní Gmail ń kọ̀wé sí ẹni tó wà ní Yahoo, kò sẹ́ni tó dá ímeèlì ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mastodon, ìkànnì tí èèyàn ti ń gbé ọ̀rọ̀ àti fọ́tò síta, tó jáde láti Jámánì ní 2016, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé e dúró, wà lọ súà, tí èyí tẹ́ ẹ wà bá ń dà yín láàmú ẹ kó lọ sí òmíràn, àwọn tó ń tẹ̀ lé yín á bá yín lọ. Àmọ́ fọ́tò àtijọ́ ò ní bá yín lọ o, wọn kì í sábà sọ ìyẹn.

Ìyá Agége: Ta ló ń wá léèsì lórí Mastodon? Ṣọ́ọ̀bù tiyín, nínú igbó 😂

Bọ̀dá Ìkẹjà: Ti blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ ń tọ́jú, tí àwọn coin yẹn wà lórí ẹ̀, tún le ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ méjìlá ni wọ́n á fún yín, òun ni kọ́kọ́rọ́, tó bá sọ nù kò sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ pè. Kọ́sítọ́mà mi kan kọ tiẹ̀ sẹ́yìn páálí bisikíìtì, àwọn ọmọ bá kó o dànù. Owó ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ń wò ó, kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ kúkú ra .com.ng tiyín mà, ìyẹn orúkọ àdírẹ́sì sáìtì tiyín, ọdọọdún lẹ ó máa sanwó bíi rẹ́ǹtì, àmọ́ tí ẹni tó ń bá yín gbé sáìtì dúró bá ń dà yín láàmú, ẹ mú orúkọ yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àdírẹ́sì ò ní yí.

Lọ́yà Èbúté Mẹ́ta: Òfin wa ti 2023 tó ń dáàbò bo data, ìyẹn ìsọfúnni nípa èèyàn, fún yín láṣẹ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí àwọn tó ti pééjì yín pa ní nípa yín. Ẹ kọ̀wé sí wọn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, mo ti kọ ọ́. Mo tún tú ìwé rìsíìtì abẹ́ káńtà lónìí, nọ́ńbà fóònù kọ́sítọ́mà mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo rí kà, kábọ́ọ̀nù ti parẹ́ lára ìyókù. Bọ̀dá, .com.ng yẹn, èló ni wọ́n ń gbà?