Ṣé kí ọmọ mi máa fi orin sí etí bí ó bá ń sáré?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún 16, ń sá ìje 1500 mítà fún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Adó-Èkìtì níbí. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ra íápíìsì fún un ni kò ti fẹ́ sáré láìgbọ́ orin mọ́, ó ní kì í jẹ́ kí òun mọ̀ pé ó ti rẹ òun. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn ní òun kò fẹ́ rí i létí rẹ̀. N kò mọ ẹni tí n bá gbè lẹ́yìn, nítorí pé tẹ́lẹ̀ ńṣe ni mò ń lù ú jí, ṣùgbọ́n ní báyìí òun fúnra rẹ̀ ló ń dìde ní agogo márùn-ún ààbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Olùtọ́jú iṣan àti eegun, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Costas Karageorghis ti Brunel University ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí eré bá wà níwọ̀nba, tí ènìyàn ṣì lè sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sáré, orin a máa gba ọkàn kúrò lórí ẹsẹ̀ tó ń ro, àárẹ̀ a sì fúyẹ́ lójú ẹni tó ń sáré. Orin tí ìlù rẹ̀ ń dún ní nǹkan bí ìgbà 120 sí 140 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sábà máa ń yàn. Ṣùgbọ́n bí eré bá le débi pé ènìyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìnira ara a borí orin, ibẹ̀ gan-an sì ni 1500 mítà máa ń gbé ènìyàn dé. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ó ń ta ara jí.

Sárésáré àtijọ́, Adó-Èkìtì: Òfin World Athletics, àjọ tó ń darí eré sísá ní àgbáyé, kò gba íápíìsì lórí pápá nígbà ìdíje, ìrànlọ́wọ́ tí kò tọ́ ni wọ́n kà á sí. Ọmọ yín lè sọ fún yín pé Haile Gebrselassie, sárésáré ọmọ Etiópíà, fi orin sá 2000 mítà ní Birmingham ní 1998, tí kò sì sí ẹni tó tíì sá a yá tó bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn títí di ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn náà ni orin ti ń dún. Ẹ wo bí a ṣe ń gúnyán nílé wa: bí ènìyàn mẹ́ta bá dúró ti odó kan, ìró ọmọ odó ló ń darí ọwọ́ wọn, kò sì sí ẹni tó lè dí etí kí ó má ba iṣẹ́ jẹ́. Kí ọmọ yín kọ́ láti máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àti èémí tirẹ̀, nítorí pé òun ni yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi kún eré rẹ̀.

Ìyá ìbejì, Òkèmẹ̀sí: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ojú títì ni ó ti ń sáré ní òwúrọ̀ kùtù bẹ́ẹ̀? Báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Olùbéèrè: Ojú títì ni, àbúrò mi, n kò sì ronú kan ìyẹn rárá. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbà láti yọ ọ́ lójú títì àti nígbà tí wọ́n bá ń sá eré líle, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí olùkọ́ jẹ́ kí òun máa gbọ́ ọ nígbà tí òun bá ń na ara. Màá lọ bá olùkọ́ náà ní ọjọ́ Ajé.